Áì Ọ̀nọ́rébù Ògúnrẹ̀mí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Ọ̀nọ́rébù Christopher Ògúnrẹ̀mí kò ṣe nǹkan kan ní gbogbo àsìkò tó fi jókòó nílé aṣòfin l'Ékòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a wí. Ó ṣe nǹkan kan. Ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, òótọ́ ni. Lẹ́tà méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn ẹyẹ tó wà lórí òrùlé ilé náà fò, wọn kò sì padà síbẹ̀ títí ọdún fi yípo. Mélòó nínú àwọn aṣòfin wa ló ti lé ẹyẹ rí?

Ohùn ni Ọlọ́run fún un. Kí òṣèlú tó padà dé ní 1979, akígbe ni nílé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan l'Ọ́wọ̀. Bí adájọ́ bá ti ń wọlé bọ̀, Christopher yóò kígbe pé "Kọ́ọ̀tù!", gbogbo èèyàn yóò sì dìde. Bí adájọ́ bá ń jáde lọ, yóò tún kígbe. Láàárín ìgbà méjèèjì, yóò sùn. Ẹni bá ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, ó di dandan kí nǹkan kan yí padà nínú rẹ̀. Bí àwa náà bá ń la ẹnu, tí lọ́yà, ọlọ́pàá, olè àti ẹni tí wọ́n jà lólè ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá àwa náà ì bá gbàgbé pé adájọ́ ló ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Onígbín, ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ti rí i. Dókítà kan ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fà kalẹ̀, ọ̀mọ̀wé gidi, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àwọn tó wà níwájú rò pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń gbà, wọ́n di ojú wọn. Wọ́n ní kí Christopher bá wọn kígbe kí wọ́n lajú. Ó kígbe. Gbogbo ọjà ló dìde dúró. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wo ara wọn lójú, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣèlérí: afárá. Odò Ọ̀sẹ̀ ló ya Agọ́ Olókùúta sọ́tọ̀, níbi tí kòkó ti ń so bí ẹni tí inú ń bí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ibẹ̀ a gba orí ìtì igi kan kọjá. Nígbà òjò, odò a gbé ìtì náà lọ, kòkó a jẹrà sílé, ẹni tó bá ń ṣàìsàn a sì jókòó de oṣù Kọkànlá kó tó ráyè lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀ẹ́bí ń gbé, àbúrò bàbá Christopher, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Níbi ìpolongo ìbò, ó dìde lójú gbogbo èrò.

"Christopher, afárá nìkan o. Má bá wa mú nǹkan mìíràn bọ̀ láti Èkó."

"Màmá," ni Christopher bú sígbe, "ẹ ti wà lórí afárá náà báyìí! Ẹ ti ń kọjá lọ!"

Àbẹ̀ẹ́bí wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé orí iyẹ̀pẹ̀ ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́.

*

Lọ́jọ́ tí Ọ̀nọ́rébù kọ́kọ́ wọ Ilé, aṣọ ló jẹ ẹ́ lógún. Ó ti lọ bẹ àwọn àgbà ìjòyè pé kí wọ́n yá òun ní orúfanran, aṣọ pupa tí eyín erin ń dún lára rẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀ l'Ọ́wọ̀ lọ́jọ́ ńlá. Wọ́n ní orúfanran kì í ṣe aṣọ àyálò. Ó bá ní kí télọ̀ rán agbádá pupa fún òun, kó sì lẹ ike funfun mọ́ ọn yíká. Bó ṣe ń wọlé, ó ń dún ṣákáṣákà bí ẹni gbé àpò ṣíbí. Ó ṣì ń to àwọn ike náà sórí àga nígbà tí Alága Ilé béèrè èrò wọn nípa òfin kan, bóyá ti ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè, bóyá ti iyọ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni Christopher gbọ́: kí àwọn kan wí pé "áì", kí àwọn kan wí pé "né".

Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ ni Christopher gbọ́. Ó mọ "gíltì", ó mọ "nọ́ọ̀tì gíltì", ó mọ "sáìlẹ́ǹsì". Áì kò sí níbẹ̀. Ó bá rò ó bí ọmọ Yorùbá rere. Kí ni àì? Àìgbà. Àìfẹ́. Àìjẹ, àìmu. Ohun tí èèyàn bá kọ̀ ni àì máa ń wà níwájú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa láìdúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò ni Onígbín, wọ́n sì ti kì í nílọ̀ kó tó kúrò nílé pé kó máa kọ̀. Ó fa èémí sínú, ó sì kọ̀.

"ÁÌÌÌÌ!"

Ìgbà yẹn ni àwọn ẹyẹ fò.

"Áì ló borí," ni Alága Ilé wí, ó sì fọwọ́ ra etí. Gbogbo aṣòfin yíjú wo Christopher. Inú rẹ̀ dùn débi pé ike ara rẹ̀ ń mì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, òun ti kọ̀ fún ìjọba, ìjọba sì ti gbà pé òun kọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òfin tí kò pa áì lé lórí. Wọ́n ní kí owó táyà gun òkè: áì. Wọ́n ní kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn aṣòfin: áì, pẹ̀lú omijé lójú. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀ nígbà tí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìjọba kì í gbọ́ràn?

*

Nílé, Rufus Akínbọ̀wálé ni agbẹnusọ rẹ̀, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sẹ́yìn Ọ̀nọ́rébù kó sì máa mi orí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Tí Ọ̀nọ́rébù bá wálé, Rufus á kó èrò jọ síwájú ilé.

"Kí ni Ọ̀nọ́rébù wa máa ń wí fún wọn l'Ékòó?"

"Áì!"

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"A ò gbà!"

"Àwọn ọ̀jẹ̀lú ńkọ́?"

"Né!"

"Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ né? 'Ń jẹ' ni! Oúnjẹ ló kún wọn lẹ́nu tí wọn ò fi lè pè é délẹ̀!"

Ẹ̀rín á sọ. Onílù á lù ú. Àbẹ̀ẹ́bí náà á rẹ́rìn-ín, á sì béèrè afárá, Rufus á gbé ìka kan sókè, ìlù á sì bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Alàgbà Oyèlárán, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ní Emùré-Ilé, tó tún jẹ́ alága Ẹgbẹ́ Onígbín ní agbègbè náà, rọra na ọwọ́.

"Rufus, ṣé ọ̀rọ̀ yìí dá ọ lójú? 'Àì' tiwa, ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Èkó yìí, òkè ló ti ń já bọ̀."

"Bàbá Hẹdimásítà," ni Rufus dáhùn, "ṣé ẹ ti gba ọ̀nà Èkó sí Ọ̀wọ̀ láìpẹ́ yìí? Kí ni yóò gba ojú kòtò wọ̀nyẹn kọjá tí ohùn rẹ̀ ò ní yí padà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Hẹdimásítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó ní ọmọ tó ń wáṣẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ máàkì ìwé ọmọdé kì í gbàgbé àṣìṣe; ó kàn ń dúró de ìgbà tí yóò fa ìlà pupa sí i ni.

Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀. Wọ́n kọ ÁÌ sẹ́yìn Píjò Ọ̀nọ́rébù. Ilé ọtí kan l'Ídóànì sọ ara rẹ̀ ní Áì Hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ pólì, bí wọ́n bá rí i lójú títì, wọn a kígbe pé "Áì, sà!", wọn a sì máa ṣubú lu ara wọn fún ẹ̀rín. Ọ̀nọ́rébù ní ìfẹ́ ló ń pa wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣéhù, aṣòfin kan láti apá Ìlọrin, tó wà nínú ẹgbẹ́ ìjọba, ló tú iṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò. Ó gbá Christopher mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán.

"Ògúnrẹ̀mí, ọ̀rẹ́ wa! Nínú gbogbo ẹ̀yin Onígbín, ìwọ nìkan ló ń bá ìjọba ṣe é. Kò sí òfin wa kan tí o ò gbà."

Christopher dá òkèlè padà sínú àwo. "Mo gbà? Áì ni mo máa ń wí."

"Áì náà kọ́! Ká fara mọ́ ọn ni. O tilẹ̀ máa ń fara mọ́ ọn ju àwa tá a mú un wá lọ."

Ẹlòmíràn ì bá tijú. Ìtìjú wá Christopher wá lóòótọ́; ó dé, ó bá ìgbéraga lórí àga, ó bá yípadà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkàn Ọ̀nọ́rébù ti balẹ̀, ó tilẹ̀ ti di ọlọgbọ́n. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ń tẹ́ ìjọba lọ́rùn l'Ékòó, ó sì ń tẹ́ alátakò lọ́rùn l'Ọ́wọ̀. Olóṣèlú wo ló tún wà ní gbogbo Nàìjíríà tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn? Ó pinnu láti má ṣe jẹ́ kí ìtumọ̀ ba ọ̀rọ̀ dáadáa jẹ́.

*

Ní 1981, ọ̀rọ̀ kan afárá. Irin rẹ̀ ti dé etí odò ní Agọ́ Olókùúta, àwọn ọmọdé ti ń gùn ún ṣeré. Ni ìjọba bá gbé òfin tuntun wá pé kí wọ́n kó irin àti símẹ́ǹtì gbogbo afárá kéékèèké lọ sí Àbújá, kí wọ́n fi parí ilé ìgbafẹ́ àwọn aṣòfin, kí wọ́n sì gbẹ́ odò ńlá kan síbẹ̀ tí wọn yóò máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ gba afárá lọ́wọ́ ẹni tó ní odò, kí wọ́n fi gbẹ́ odò fún ẹni tí kò nílò afárá.

Kò gbọdọ̀ jẹ́ áì lọ́jọ́ yìí. Christopher mọ̀. Ó wálé wá bá Rhoda ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń pe né.

"Né."

"Bí ọmọ ewúrẹ́ lẹ ṣe pè é," ni Rhoda wí. "Ẹ tún un pè."

"Né!"

"Ó ti dára. Bàbá Yéjídé, ẹ wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jókòó. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Rufus fi ń lulẹ̀kùn, ayọ̀ ti fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú. "Ọ̀nọ́rébù! Rédíò yóò gbé ìpàdé náà láti inú Ilé gan-an! Mo ti yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a ó gbé e síwájú ilé yín. Gbogbo Agọ́ Olókùúta ń bọ̀ wá fi etí ara wọn gbọ́ áì yín! Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí ní òun yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà ni."

Rufus lọ tán, Christopher bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí òun bá wí pé né, Èkó yóò gbọ́ pé òun kọ̀, ṣùgbọ́n etí Ọ̀wọ̀ yóò gbọ́ pé Ọ̀nọ́rébù ń jẹ.

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn," ni Rhoda wí. "Ẹ ní ẹ ṣì í gbọ́ ni. Wọ́n á fi yín ṣẹ̀fẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á gun afárá wọn, ó tán."

"Ta ló ṣì í gbọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Ọ̀nọ́rébù kì í ṣì í gbọ́, Rhoda. Òfin ló máa ń ṣi ara rẹ̀ sọ."

Nígbà tọ́jọ́ pé, ó jókòó sínú Ilé nínú agbádá oníke, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tí yóò wí pé né pọ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ́ gba afárá rẹ̀ ni. Wọn yóò borí, dandan ni, pẹ̀lú òun tàbí láìsí òun. Òun á wí áì fún etí ilé, àwọn ẹlòmíràn á bá òun wí né fún afárá, gbogbo nǹkan á sì gún régé. Ó tilẹ̀ gbàdúrà fún wọn pé kí Ọlọ́run fún wọn ní ohùn. Ó ronú pé kí òun rọra wí áì náà. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó rántí Àbẹ̀ẹ́bí. Àti pé, ká má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò mọ pẹ̀lẹ́.

"ÁÌÌÌÌÌ!"

Alága Ilé di àga mú. Ó ní kí àwọn tó kọ̀ náà fọhùn. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. "Né" tó jáde dà bí agbo ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ abẹ́ odi. Etí ni Alága sì fi ń ka ìbò. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò sì tíì ṣí padà.

"Áì ló borí."

L'Ọ́wọ̀, ìlú fò sókè. "Áì ló borí! A ti kọ̀ fún wọn!" Rufus gbé rédíò náà mọ́ àyà. Àbẹ̀ẹ́bí jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀, ó jó kọjá lórí gèlè náà, ó sì ń jó lọ.

Kò pẹ́ tí lọ́rì fi dé etí odò. Àbẹ̀ẹ́bí pàdé awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń di irin ẹrù.

"Ọmọ mi, níbo lẹ̀ ń gbé irin wa lọ?"

"Àbújá ni, Màmá. Òfin ti jáde."

"A ti kọ òfin yẹn! Ṣé o ò gbọ́ rédíò ni? Áì ló borí!"

"Èmi náà gbọ́, Màmá. Áì ló borí. Ìdí tá a fi wá nìyẹn."

Wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún ara wọn pé áì ló borí, ẹnu wọn kò yà síra rárá. Lọ́rì gbéra.

Òjò ọdún kejì gbé ìtì igi lọ. Tinúọlá, ọmọ-ọmọ Àbẹ̀ẹ́bí, ń rọbí lójú ọ̀nà ọsibítù nígbà tí wọ́n dé etí odò tí wọn kò rí ohun tí wọn yóò tẹ̀. Wọ́n fi ewé kókò bo òun àti ìyá ìyá rẹ̀. Abẹ́ òjò ni Àbẹ̀ẹ́bí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ náà, ó ń kọjú sí omi, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, kò sì rántí pe ti Ọ̀nọ́rébù. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ọmọ Etídò ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọkùnrin náà.

*

Ní oṣù Kẹsàn-án 1982, Ẹgbẹ́ Onígbín fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò fà kalẹ̀ fún ìbò ọdún tó ń bọ̀. Hẹdimásítà Oyèlárán ló mú ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ tó mú bọ́ sáàárín ọdún Ìgogo, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù l'Ọ́wọ̀, tí ọkùnrin kì í sì í dé fìlà. Rufus ní kí wọ́n sún un síwájú. Hẹdimásítà ní ọjọ́ náà rọ òun lọ́rùn.

Ọ̀nọ́rébù wọlé láìdé fìlà, ó sì hàn sí gbogbo èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ pé orí rẹ̀ kéré. Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi ni àpáta tí ìjọba àpapọ̀ forí sọ! Èmi ni ìgbín tó fi ìkarahun dí ọ̀nà mọ́ erin! Ìgbà tí wọ́n mú òfin ìyà wá, ta ló kọ̀? Ìgbà tí wọ́n mú òfin ìṣẹ́ wá, ta ló kọ̀?"

"Christopher." Àbẹ̀ẹ́bí ti dìde, ó pọn Ọmọ Etídò. "Afárá dà?"

Rufus gbé ìka sókè. Ó rántí pé kò sí ìlù. Ó rọra fi ìka náà họ imú.



"Màmá, àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú..."

"Mi ò bi ọ́ ní ọ̀tá. Afárá ni mo bi ọ́."

Hẹdimásítà wú ikọ́. "Ẹ jẹ́ ká dìbò, ọ̀rọ̀ á yanjú. Bí wọ́n ti ń ṣe é l'Ékòó ni kí á ṣe é, kí ara lè tu Ọ̀nọ́rébù wa. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ṣé kí wọ́n tún padà lọ? Ẹ fọhùn."

Gbogbo ilé, láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà, dáhùn ohun tí Ọ̀nọ́rébù fi ọdún mẹ́ta kọ́ wọn.

"ÁÌÌÌÌ!"

Hẹdimásítà yọ bírò pupa lápò, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó kọjú sí Christopher pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀.

"Áì ni mo gbọ́. Ọ̀nọ́rébù, èmi ò wọ Ilé yẹn rí, ẹ̀yin lẹ mọ òfin. Kí ni kí n kọ? Ṣé wọ́n fẹ́ yín ni, àbí wọ́n kọ̀ yín? Kí ni áì ń jẹ́?"

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan máa káàánú rẹ̀ níbi yìí. Kó má ṣe yára. Bí áì bá jẹ́ pé a kọ̀, àga Èkó ti lọ. Bí áì bá jẹ́ pé a gbà, àga ti dọ́wọ́. Christopher wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo Rufus. Rufus ń wo àjà. Ó ronú nípa àga náà, bó ṣe ń yí, bó ṣe rọ̀.

"Áì..." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti dókítà ọjọ́sí. "Áì ń jẹ́ a gbà."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín, sà."

"A GBÀ!" ni Ọ̀nọ́rébù bú jáde. "Áì, a gbà ni! Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin! Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀!"

Ó dúró kí wọ́n dìde. Láti ìgbà tó ti ń kígbe láyé rẹ̀, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ kígbe tí ẹnikẹ́ni kò dìde.

Àbẹ̀ẹ́bí nìkan ló wà lórí ìdúró, torí kò tíì jókòó. Ó sún ọ̀já sókè lẹ́yìn rẹ̀.

"Lọ́jọ́ afárá, áì ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Mo mọ ohùn rẹ, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ." Ó mí. "Mo jó sí i, Christopher. Gèlè mi já bọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo jó sí i."

Christopher bẹ̀rẹ̀ sí í to ike ara agbádá rẹ̀.

"Oyèlárán," ni Àbẹ̀ẹ́bí wí, "tún un bi wá. Má fi ti Èkó bi wá mọ́."

Hẹdimásítà tún un bi wọ́n. Wọn kò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wí i bí èèyàn ṣe ń wí nǹkan nílé: "A ò fẹ́ ẹ mọ́." Hẹdimásítà tẹ̀ mọ́ bírò, ó fa ìlà pupa kan tó gùn, tó tọ́, ó sì dé ìdérí rẹ̀ padà. Dókítà tí kì í sọ̀rọ̀ sókè ni wọ́n fà kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn á máa sún mọ́ ọn láti gbọ́ ọ.

Rhoda ti gúnyán nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé, kò bi í léèrè kankan. Ó jẹ́ kó jókòó, ó jẹ́ kó bọ́ agbádá oníke sílẹ̀, ó wá gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Yéjídé, ṣé ẹ ó jẹun?"

"Áì," ni Christopher wí.

Rhoda dúró, àwo ń gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá yóò sọ èyí tó ń wí nínú méjèèjì. Kò sọ. Ó gbé iyán náà padà sí ilé ìdáná.